Bí Mo Ṣe Ń Fi Fọ́ìlì àti Kóòkì Tẹ Àwòrán, Bí Ará Jámánì Kan Ṣe Fi Òkúta Tẹ̀ Ẹ́

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti gbé àwọn àwòrán Òpá Ọ̀rànmíyàn yẹn síta làwọn èèyàn ti ń bi mí pé irú ẹ̀rọ wo ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíì tiẹ̀ ní ṣé mo ti ra prẹ́ẹ̀sì ni. Prẹ́ẹ̀sì kẹ̀! Fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé ẹja ni, àti kóòkì tí à ń mu, àti ọṣẹ, àti òróró díẹ̀, àti ẹ̀yìn ṣíbí onígi. Orí tábìlì tá a fi ń jẹun ní Parakin n'Ífẹ̀ níbí ni mo ti ń ṣe é, ìyàwó mi sì ti gba kámú.

Mo máa kọ gbogbo ẹ̀ síbí kí n má tún máa ṣàlàyé ẹ̀ fún èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti wá, torí ẹni tí ò bá mọ ìdí tí nǹkan yìí fi ń ṣiṣẹ́ ò ní mọ ohun tó máa ṣe tó bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì máa bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Alois Senefelder, Prague ni wọ́n bí i sí ní 1771 àmọ́ Munich ní Jámánì ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Òṣèré tíátà ni bàbá ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà lọ́wọ́ nígbà tí bàbá kú, ìyá wà nílẹ̀, àwọn àbúrò wà nílẹ̀, kò sówó, ló bá fi ìwé sílẹ̀, ó ní òun á máa kọ eré orí ìtàgé. Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ owó tó ń bá àwọn tó ń tẹ̀wé lọ ò jẹ́ kó rí nǹkan gidi mú délé, ló bá ní òun á máa fọwọ́ ara òun tẹ̀ ẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni pé kó máa kọ ọ̀rọ̀ sórí bàbà kó sì fi ásíìdì jẹ ẹ́, bàbà sì wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó tún gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sódì kó tó lè ṣe é, ó máa bàjẹ́ káàkiri kó tó mọ̀ ọ́n kọ. Ló bá lọ wá òkúta pẹlẹbẹ tó máa fi kọ́wọ́. Òkúta yìí, Solnhofen ni wọ́n ti ń wà á, àwọn ará Bavaria máa ń fi tẹ́ ilẹ̀ ilé, ó dán, owó ẹ̀ ò sì tó ti bàbà.

Ní 1796, lọ́jọ́ kan báyìí, ìyá ẹ̀ ní kó bá òun kọ iye aṣọ tí alágbàfọ̀ fẹ́ kó lọ sílẹ̀. Wọ́n wá ìwé títí, kò sí, torí ọkùnrin yìí ti fi gbogbo ìwé ilé dánra wò tán, alágbàfọ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wojú wọn. Ló bá fa òkúta kan tó ti fọ̀ mọ́, ó kọ ọ́ sórí ẹ̀ pẹ̀lú ínkì tó fọwọ́ ara ẹ̀ po, ìda oyin, ọṣẹ àti èéfín àtùpà dúdú. Ó ní tí òun bá ráyè òun á dà á kọ sínú ìwé. Ìgbà tó fẹ́ nù ún kúrò ló wá rò ó pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí òun bá da ásíìdì sí i. Ó dà á. Ásíìdì jẹ òkúta náà lọ díẹ̀, kò lè jẹ ibi tí ínkì wà, ọ̀rọ̀ aṣọ ìyá ẹ̀ bá yọ sókè.

Ọ̀pọ̀ máa ń dánu dúró síbẹ̀ yẹn tí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ niṣẹ́ yìí wà. Ohun tó rí ní 1796 yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí igi tí wọ́n gbẹ́, torí ibi tó ga ló ń gba ínkì. Wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ ní Jámánì tipẹ́. Albrecht Dürer ti Nuremberg tẹ àwòrán àgbáńréré láti ara igi ní 1515, kò sì fojú rí ẹranko náà rí láyé ẹ̀, ẹni tó bá wo àwòrán yẹn dáadáa á mọ̀, torí ó wọ ẹ̀wù irin fún un. Ti bàbà náà, inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sára ẹ̀ ni ínkì ń wọ̀. Yálà ó ga tàbí ó jìn. 1798 ni Senefelder tó rí i pé kò pọn dandan kó ga, kò pọn dandan kó jìn, pé òkúta lè pẹlẹbẹ lulẹ̀ báyìí kí ibì kan gba ínkì kí ibì kejì má gbà á. Omi ló ń ṣe é.

Ẹ rántí ewé kókò. Tójò bá rọ̀ sí i, omi á máa yí gbirigbiri lórí ẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò tá a fi se ọbẹ̀ tí epo ṣì wà lára ẹ̀, ẹ da omi tútù sí i, ẹ máa rí i pé omi ń sá fún ibi tí epo wà. Ibi tẹ́ ẹ bá fi nǹkan ọlọ́ràá ya àwòrán sí lórí òkúta, omi ò ní lè dúró síbẹ̀. Ibi tí ẹ ò yà nǹkan sí, omi á dúró. Tẹ́ ẹ bá wá yí ínkì olóróró lé gbogbo ẹ̀ lórí, ibi tí omi wà á kọ̀ ọ́, ibi tó ní ọ̀rá á gbà á. Òun náà nìyẹn. Senefelder pè é ní ìtẹ̀wé kẹ́míkà, àwọn tó kù ń pè é ní ìtẹ̀wé orí òkúta, òun ni lithography tí òyìnbó ń pè é.

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ìdajì ẹ̀. Àwọn ìyá wa á fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, wọ́n á rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ wà ò ní gba aró. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àdìrẹ, ohun tẹ́ ẹ yà ló máa funfun, níbí ohun tẹ́ ẹ yà ló máa dúdú, gọ́ọ̀mù sì ni ẹ̀kọ tiwa. Mo máa dé orí gọ́ọ̀mù.

Àwọn tó ń tẹ orin ló kọ́kọ́ mọ iyì ẹ̀. Franz Gleissner tó ń kọ orin ló bá Senefelder ṣe é níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà Johann Anton André tó ń tẹ orin tà ní Offenbach pè é wá. Ní 1808, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Strixner ní Munich fi òkúta tún àwọn àwòrán tí Dürer yà sétí ìwé àdúrà Olú Ọba Maximilian tẹ̀ jáde. Bí Senefelder ṣe wá kọ gbogbo àṣírí iṣẹ́ náà sínú ìwé ní 1818 ló wù mí jù, torí nílùú wa níbí a mọ irú ọ̀gá tó máa ń ní kí ọmọ iṣẹ́ jáde síta tó bá fẹ́ po àwọ̀.

Kí n tó gbàgbé, òkúta Solnhofen yẹn kúná débi pé nígbà tí wọ́n ń wà á ní nǹkan bí 1861, wọ́n rí ìyẹ́ ẹyẹ ayé àtijọ́ kan nínú ẹ̀ tí gbogbo fọ́nrán ẹ̀ pé. Archaeopteryx lithographica ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ iṣẹ́ yìí ló wà lẹ́yìn orúkọ ẹyẹ yẹn. Torí náà ẹ má lọ gbé òkúta Ifẹ̀ tàbí ti Iléṣà, ẹ ò ní rí nǹkan mú níbẹ̀. Akọ òkúta ni tiwa, ó le, hóró hóró ló rí, òun ni wọ́n fi ṣe Òpá Ọ̀rànmíyàn. Láìmùstóònù ni ti wọn, ẹ̀yà èyí tí wọ́n ń wà l'Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, àmọ́ ti Ewékorò náà ò kúná tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe tòkúta nìyí, wàrà wàrà. Wọ́n á da iyanrìn kíkúná àti omi sórí òkúta, wọ́n á fi òkúta kejì lọ̀ ọ́ títí àwòrán àtijọ́ á fi kúrò pátápátá. Wọ́n á fi kíréyọ̀nù ọlọ́ràá ya àwòrán sí i. Wọ́n á po gọ́ọ̀mù arábíìkì mọ́ ásíìdì náítíríìkì díẹ̀, wọ́n á fi pa á lójú. Wọ́n á fi tọ́pẹ́ntáìnì nu àwòrán náà kúrò, wọ́n á fi omi nù ún, wọ́n á yí ínkì lé e, wọ́n á gbé ìwé lé e, wọ́n á tì í gba abẹ́ prẹ́ẹ̀sì. Tí wọ́n bá parí, wọ́n tún lè lọ òkúta yẹn kí wọ́n ya nǹkan míì, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lo ẹyọ kan. Ásíìdì náítíríìkì yẹn, mi ò bá yín dá sí i o. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ásíìdì bátìrì náà á ṣe é.

Tiwa ni ká máa bá lọ. Obìnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Emilie Aizier ló gbé ọ̀nà fọ́ìlì yìí jáde, ó fi fọ́ìlì rọ́pò òkúta, ó fi kóòkì rọ́pò ásíìdì. Mo gbìyànjú ẹ̀ lásán ni, mo rò pé eré ọmọdé ni. Àṣé ohun tí àbúrò bàbá mi ń ṣe níwájú mi ní Iléṣà láti kékeré ni. Prẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni wọ́n ní n'Ísọ̀kun, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Heidelberg ní Jámánì ló ṣe é, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti pósítà ìsìnkú ni wọ́n fi ń tẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo wà ní kékeré tí wọ́n á máa pariwo látinú yàrá pé "Omi dà? Ẹ wo omi!" Mi ò mọ ohun tí omi ń ṣe nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo rò pé ẹ̀rọ náà ń gbóná ni, bíi ti mọ́tò. Ìgbà tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ti fọ́ìlì yìí ló tó yé mi pé pléètì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń so mọ́ Kord yẹn, ọmọ òkúta Senefelder ni, omi náà ló ń lé ínkì kúrò níbi tí kò yẹ kó dé, wọ́n tiẹ̀ máa ń fi gọ́ọ̀mù pa pléètì lójú kí wọ́n tó gbé e pamọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì kó tó yé mi.

Ó yá, ohun tẹ́ ẹ máa wá. Fọ́ìlì tó bá nípọn díẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó fẹ́lẹ́ bíi ìyẹ́ eéṣú yẹn á ya mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ wá nǹkan tó le tó sì pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ máa wé e mọ́. Èmi ń lo àjẹkù táìlì, àwọn tó ń tẹ́ táìlì sílé tuntun lójúlé kejì ló fún mi, mi ò san kọ́bọ̀, ọmọ òṣómàáló ni mí. Kóòkì ìgò kan, kó má ṣe Fáńtà o, ásíìdì fosfọ́ríìkì tó wà nínú kóòkì la nílò, irú èyí tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ ló wà nínú Fáńtà, mo ti dán an wò, gbogbo ojú fọ́ìlì ló dúdú. Òróró ìdáná. Fóòmù méjì, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún ọwọ́ yín, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Rólà rọ́bà, kì í ṣe èyí tí àwọn ọlọ́dà fi ń kun ilé. Tẹ́ ẹ bá mọ ọmọ Fine Arts kankan nínú kámpọ́ọ̀sì, ẹ yá tiẹ̀, á ní.

Ínkì ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà. Ínkì ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ni, èyí tó wà nínú agolo tí àwọn oníprẹ́ẹ̀sì ń lò, tó le, tó ń fà bí ilá tó pọ́n dáadáa... rárá o, ilá ń yọ̀, ó ń fà bí ṣingọ́ọ̀mù ni. Ẹ lọ sí Lagere, ẹ bẹ ọ̀kan nínú wọn dáadáa, ẹ pè wọ́n ní ọ̀gá, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha ìwọ̀nba sínú nylon fún yín, ìwọ̀n ṣíbí ìkọ́bẹ̀ kan máa tẹ odindi ogún. Ínkì tí wọ́n ń fà sínú printa kọ̀ǹpútà ò wúlò, omi ni wọ́n fi po ó. Ọ̀dà ilé náà ò wúlò.

Gọ́ọ̀mù arábíìkì, Sábó. Àwọn Hausa ń pè é ní káró, ara igi kan tó lẹ́gùn-ún ló ti ń sun jáde lókè Ọya lọ́hùn-ún, kóro kóro ló máa ń wà bíi súgà tó dì, àwọ̀ ẹ̀ jọ ti oyin. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, torí èèpo igi àti iyanrìn máa ń wà nínú ẹ̀, iyanrìn kan ṣoṣo tó bá bọ́ sójú fọ́ìlì, ó ti ha á nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ bá lò lẹ́ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ rẹ, tó bá ti lo ọjọ́ mélòó kan, á kan, òórùn ẹ̀ á sì lé gbogbo ará ilé síta.

Ẹ wá jókòó. Ẹ fi omi díẹ̀ sójú táìlì kí fọ́ìlì lè lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ tẹ́ fọ́ìlì lé e, ojú tí kò dán ni kó wà lókè. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún látàárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ ká etí ẹ̀ sẹ́yìn, ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í dáadáa kí kóòkì má gba abẹ́ wọlé. Gbogbo ibi tó bá ti hunjọ lójú fọ́ìlì, ó máa hàn lórí ìwé. Láti ibi yìí lọ, ẹ má fọwọ́ kan ojú ẹ̀ mọ́. Mo tún un sọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ èèyàn ní ọ̀rá, ọ̀rá sì ni a fi ń ya àwòrán níbí, fọ́ìlì ò mọ èyí tẹ́ ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yà yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ fi ìka ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, òwúrọ̀ Sátidé ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà tán, mo nu ọwọ́ mi mọ́ ṣòkòtò, mo gbà pé ó ti mọ́. Nígbà tí mo tẹ àwòrán náà tán, igi ọ̀pẹ tí mo yà wà níbẹ̀, ó dáa, àmọ́ lápá òsì ẹ̀, ìka mẹ́rin wà níbẹ̀ ketekete, gbogbo ìlà ọwọ́ mi pé, bíi ìgbà tí wọ́n ń gba NIN.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi yà á: ọṣẹ ìfọṣọ onígi, ẹ gé e kó ní ṣónṣó, tàbí ọ́ì pásítẹ́ẹ̀lì, tàbí máákà tí kì í parẹ́. Ọṣẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú yín tẹ́ ẹ bá ń yà á, ẹ ní láti máa gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò. Ìlà tín-ín-rín, máákà ló dáa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bíi Senefelder gẹ́lẹ́, ẹ yọ́ ìda oyin ìlọ́po mẹ́ta sí ọṣẹ ìlọ́po kan, ẹ po dúdú inú gíláàsì àtùpà mọ́ ọn, omi òjò ni òun fi ń yọ́ ọ kó tó fi kálámù kọ ọ́. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn, àmọ́ ó dọ̀tí, ọṣẹ lásán náà ń ṣe é.

Kí ẹ sì rántí pé òdì ló máa jáde. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún á bọ́ sọ́wọ́ òsì. Àwòrán igi tàbí òkè, kò sí wàhálà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé fẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú báírò, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú, ẹ wo bó ṣe rí, kẹ́ ẹ dà á kọ bẹ́ẹ̀. Mo fi tèmi ṣe káàdì ìkómọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ méjìlá kí n tó wò ó, ìyá mi gbé e sókè wọ́n ní ṣé Lárúbáwá lẹ fi kọ orúkọ ọmọ ni.

Tẹ́ ẹ bá yà á tán, ẹ gbé táìlì sínú báfù tàbí abọ́ fífẹ̀, ẹ rọra da kóòkì lé e lórí kó kárí, kó máa ṣàn lọ láìdúró. Mo máa ń ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Ẹ ò ní rí kó ṣe nǹkan kan, kò ní hó bíi ti ásíìdì inú fíìmù. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án kúrò, torí súgà inú ẹ̀ á lẹ̀, ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má fà á. Ẹ wá fi òwú bọ inú òróró, kẹ́ ẹ nu àwòrán yín kúrò.

Bẹ́ẹ̀ ni, kúrò. Ibẹ̀ layà ti máa ń já èèyàn. Ẹ máa nù ún, pásítẹ́ẹ̀lì á ṣí, máákà á ṣí, fọ́ìlì á mọ́ fíníńfíní bíi ìgbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, gbogbo iṣẹ́ wákàtí méjì ti lọ. Tẹ́ ẹ bá wò ó ní ẹ̀gbẹ́ sójú fèrèsé, ẹ lè rí òjìji ẹ̀ fírí. Ẹ má bẹ̀rù. Àwọn tó ń fi òkúta ṣe é náà máa ń nu tiwọn kúrò. Àwòrán yẹn ti wà nínú ojú fọ́ìlì, ọ̀rá ẹ̀ ti mú ibẹ̀, ìyókù ni kóòkì ti bá yín sọ di ọ̀rẹ́ omi.

Kíá, kí òróró tó gbẹ, ẹ bọ fóòmù sínú omi tẹ́ ẹ ti da gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí, ẹ fi nu gbogbo ojú ẹ̀. Ẹ máa rí omi tó ń sá kúrò lórí àwòrán, á máa pín bí omi orí ewé kókò tí mo sọ. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn, iṣẹ́ ti ń lọ. Ẹ ti tẹ́ ínkì sórí gíláàsì tẹ́lẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó máa dún "ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀" lábẹ́ rólà, tó bá ń dún "pà pà pà" ó ti pọ̀ jù. Ẹ yí rólà kọjá lórí fọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan, lọ bọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, dúdú díẹ̀ díẹ̀. Omi. Rólà. Omi. Rólà. Bí ìgbà mẹ́jọ mẹ́wàá kó tó kún. Kò sígbà tí rólà gbọ́dọ̀ bá fọ́ìlì ní gbígbẹ, àní kó tiẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, ìdí nìyẹn tó fi dáa kẹ́ ẹ jẹ́ ẹni méjì, ẹnì kan fún fóòmù, ẹnì kan fún rólà. Ọmọ mi obìnrin ló máa ń di fóòmù mú fún mi, èmi náà á sì máa pariwo "omi dà?", mo wá dà bí àbúrò bàbá mi pátápátá.

Ẹ pa fáànù. Ẹ má gbàgbé, ẹ pa á. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù, torí ọyẹ́ á gba omi kúrò lójú fọ́ìlì kẹ́ ẹ tó gbé rólà.

Tó bá ti kún, ẹ nu omi tó bá kóra jọ kúrò, ẹ gbé ìwé lé e. Ìwé fẹ́lẹ́ tó dán ló dáa, A4 tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọpí náà ń ṣe é, páálí ò ṣe é. Ẹ gbé ìwé míì lé ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀yìn ṣíbí onígi ha á yípo yípo, gbogbo ibi, pàápàá igun, ọwọ́ kan ni kó di ìwé mú kó má yẹ̀. Ẹ gbé igun kan sókè yọjú wo ibẹ̀, tó bá ṣì ṣá, ẹ dá a padà, ẹ tún ha. Ẹ wá ṣí i. Ohùn tó ń dún nígbà tí ìwé ń kúrò lára ínkì yẹn, bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja tútù, ó máa ń dùn mọ́ mi ju àwòrán fúnra ẹ̀ lọ.

Ti àkọ́kọ́ kì í dáa. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ sókè ni kẹ́ ẹ máa wò. Fọ́ìlì kan, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ni mo máa ń rí lórí ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, a ò lè fi wé òkúta.

Tí ínkì bá ń lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ, kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé omi dà, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá òun ni. Ẹ fi aṣọ tó ní kóòkì díẹ̀ rọra nu ibẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìlà tín-ín-rín bí ìgbà tí èékánná ha á, fọ́ìlì ti ha, kò sóògùn. Tí àwòrán fúnra ẹ̀ bá wá ṣá, tí kò gba ínkì, ó lè jẹ́ pé ọ̀rá tẹ́ ẹ fi yà á kò tó, tàbí gọ́ọ̀mù inú omi yín ti pọ̀ jù tó ti bo àwòrán lójú, ẹ fi omi lásán nù ún kẹ́ ẹ tún yí i wò. Tí ínkì bá ń ṣàn bí epo, ó ti rọ̀ jù, ẹ jẹ́ kó gbatẹ́gùn díẹ̀ lórí gíláàsì. Ìgbà kan wà tí gbogbo ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, mo wá gbogbo àléébù, mi ò rí i, àṣé ojú tó ń dán ni mo kọ sókè.

Ẹni tó bá ń gbé Ifẹ̀ níbí tó sì ń rò pé nǹkan òyìnbó tí kò kàn wá ni mò ń sọ, nígbà tí wọ́n dá ilé àṣà àti iṣẹ́ ọnà Orí Olókun sílẹ̀ ní Arùbídì ní 1968, Solomon Wangboje tí iṣẹ́ ẹ̀ gan-an jẹ́ àwòrán títẹ̀ ló ń darí iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló sì kọ́. Ìrìn ẹsẹ̀ ni láti Ẹnuwá.

Fún fífọ nǹkan, òróró ló ń ṣí ínkì kúrò lára rólà àti gíláàsì, ẹ ò nílò kẹrosíìnì, ẹ fi òróró nù ún títí, lẹ́yìn náà ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má da òróró dúdú yẹn sínú síńkì. Àwọn àkísà tẹ́ ẹ bá lò, ẹ sá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gbẹ, ẹ má ká wọn jọ sínú nylon, epo inú ínkì máa ń gbóná fúnra ẹ̀ tí wọ́n bá kó o jọ.

Àwọn àwòrán náà, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ so wọ́n kọ́ sórí okùn. Ínkì ọ́fúsẹ́ẹ̀tì kì í tètè gbẹ, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin ni mo máa ń fún un, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kejì ó ti bà jẹ́. Inú ilé ni kẹ́ ẹ so ó kọ́ sí o. Ìta ni mo so tèmi kọ́ sí níjọ́ sí, mẹ́fà ni, ewúrẹ́ alájọgbélé mi jẹ mẹ́rin, ó fi méjì tí ínkì wọn ò kún sílẹ̀.